Fèrèsé Tí Kò Dáhùn

Ọjọ́ Sátidé kan ni, òjò ti rọ̀ ní àárọ̀, mo wà nílé mi ní Ìdóànì níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Màmá mi pè mí láti Ọ̀wọ̀. Wọ́n ní, "Fèrèsé ti há o. Kò ṣí, kò pa dé. Tètè máa bọ̀." Mo ní kí wọ́n má fi agbára tì í, mo ti ń bọ̀.

Èmi ọlọ́gbọ́n, mo ra òróró ẹ̀rọ, mo sì yá òòlù lọ́wọ́ alábàágbé mi. Fèrèsé pálọ̀ wa ti pẹ́ tó ti ń yọ wá lẹ́nu. Pákó ni, òjò kì í rọ̀ kó má wú. Mo gbé òòlù lé itan nínú mọ́tò, awakọ̀ ń yọjú wò mí nínú dígí bí ẹni tó gbé adigunjalè. Inú ti ń bí mi kí n tó délé. Ìgbà mélòó ni mo ti ní ká yọ fèrèsé yẹn dànù, tí màmá mi ní bàbá mi ló fi ọwọ́ ara wọn kàn án?

Mo wọlé, mo bá fèrèsé pálọ̀ ní ṣíṣí gbayawu, afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn òjò ń fẹ́ kọ́tìnì wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Màmá mi jókòó síwájú kọ̀ǹpútà bàbá mi, wọ́n káwọ́ lérí. Bàbá mi tó ti dolóògbé wà nínú kọ̀ǹpútà náà, máìkì lọ́wọ́, ẹnu là sílẹ̀ díẹ̀, wọn ò mira.

"Fèrèsé tó há nìyẹn," ni màmá mi wí. Wọ́n wá rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi. "Kí lo fẹ́ fi òòlù ṣe fún bàbá ẹ?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, inú sì ń bí mi. Bàbá mi ló fà á. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, kọ̀ǹpútà náà sì jẹ́ àlòkù ọ́fíìsì, èyí tó sanra lẹ́yìn bí àpótí ẹrù. Wọ́n fi Yorùbá pọ́ńbélé kọ́ ìyàwó wọn ní ìlò rẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti ṣí lójú rẹ̀, fèrèsé ni. Bàbá mi lọ, ọ̀rọ̀ náà kò bá wọn lọ.

Fídíò ìdúpẹ́ ìfẹ̀yìntì wọn ni màmá mi ń wò. Mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Lẹ́yìn ìsìn ni wọ́n ta kánópì síwájú ilé, tí bàbá mi gba máìkì láti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé orí ìyàwó wọn, màmá mi wà ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń bu ìrẹsì. Màmá mi ò gbọ́ nǹkan kan, àfi àtẹ́wọ́.

Àwọn èèyàn ń wá sí ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ náà, wọ́n ń ní, "Ọkọ ẹ yìn ẹ́ lónìí o!" Màmá mi ní kí ni ó sọ? Ẹnìkan ní ọ̀rọ̀ ìlú ni. Ẹlòmíràn ní ó sọ̀rọ̀ nípa ọ̀wọ̀ tí obìnrin ń bù fún ọkọ. Màmá mi bi bàbá mi fúnra wọn, bàbá mi ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá jókòó ló gbọ́. Dúró de fídíò." Kí ayàwòrán ọjọ́ náà tó gbé sídì fídíò náà dé, bàbá mi ti sùn nínú Olúwa. Ayàwòrán náà kó lọ kúrò nílùú, a ò tún gbúròó rẹ̀ mọ́. Màmá mi ki sídì náà bọ inú ìwé orin, wọn ò láyà láti wò ó. Ọjọ́ tí wọ́n wá láyà, sídì ti là láti ojú ihò àárín rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́. Òun kan ṣoṣo náà ló sì wà.

Ẹ wá wo iṣẹ́ Èṣù. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn láìsí wàhálà, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ àlùfáà, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbé àga wá. Wọ́n wá ní, "Ó ku ìyàwó mi." Ibẹ̀ gan-an ni fèrèsé há. Ohùn kan ṣoṣo ló ń jáde: "Ọgh. Ọgh. Ọgh." Mo dé bá a tó ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀; lẹ́yìn náà, ìyẹn náà dákẹ́.

Ẹni tí kì í bá ṣe ará ibí lè rò pé ikọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀wọ̀, àwọn ọ̀rọ̀ kan ń ti ìsàlẹ̀ ọ̀fun wá. Ọwọ́ ti ara èèyàn, ọghọ́ ni. Ìlú fúnra rẹ̀, Ọ̀ghọ̀ ni. Bàbá mi kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ níta. Lójú àlejò, Yorùbá inú Bíbélì ni tiwọn. Màmá mi tí wọ́n bí sí Ìdóànì ti fi ohùn ọ̀fun yẹn ṣe wọ́n ní yẹ̀yẹ́ láti ìgbà ìfẹ́sọ́nà wọn.

"Bàbá yín kì í sọ ọ́ nínú máìkì," ni màmá mi wí. "Bó bá ti sọ ọ́, inú ló ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n èwo ló ń sọ? Ṣé ọghọ́ ni, àbí Ọ̀ghọ̀? Bó bá jẹ́ pé ìlú rẹ̀ ló tún ń yìn níbi tó ti yẹ kó yìn mí, màá bá a jà."

Mo gbọ́, mi ò lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Kọ̀ǹpútà ti pa ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ra.

Mo jókòó, mo rọra ti máòsì. Àmì agogo oníyanrìn jáde, kò lọ. Ojú fèrèsé náà funfun díẹ̀ bí ìgbà tí ìkùukùu bá bo òkè, ó sì kọ ọ́ sórí pé òun kò dáhùn mọ́.

"Kí ló wí?" ni màmá mi bi mí.

"Ó ní kò dáhùn."

"Ta ni kò dáhùn?"

"Fèrèsé ni, màámi."

Mo ṣí fèrèsé kékeré mìíràn, mo wọ́ ọ kọjá lórí ti bàbá mi láti wò bóyá yóò jí. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ní ìwà kan tí àwọn tuntun kò ní. Ohun tí mo wọ́ ń fi ara rẹ̀ sílẹ̀ níbi gbogbo tó gbà kọjá, ó ń bo bàbá mi níbì kan, ó ń ṣí wọn níbòmíràn, títí etí fìlà wọn fi dá dúró lápá òsì, tí ojú wọn wà lápá ọ̀tún, tí ọwọ́ tó di máìkì mú ń léfòó láàárín. Oòrùn ẹ̀yìn òjò ta sí i lójú. Fún ìgbà díẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n wà tàbí inú dígí, tí wọ́n ń wò wá láti ẹ̀yìn wa. Àárò wọn sọ mí gan-an.

Mo wá tẹ bọ́tìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí gbogbo ayé ń tẹ̀ pọ̀ bí nǹkan bá há. Kọ̀ǹpútà bi mí bóyá kí òun fòpin sí i. Mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ n pa á, n tún un ṣí."

"Má pa á!"

Wọ́n gbá mi lọ́wọ́, wọ́n gbá a gan-an. Ọwọ́ mi fò kúrò lórí bọ́tìnì.

Èdè wa ló fa èyí. Ohun kan náà là ń ṣe fún iná, fún kọ̀ǹpútà àti fún ewúrẹ́ ọdún: pípa ni. Màmá mi kì í sì í fi "wọ́n" pe bàbá mi. "Ó" ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n ti ń pe fèrèsé.

"Fèrèsé ni mo fẹ́ pa, kì í ṣe bàbá!"

"Mo mọ̀. Má ṣáà pa á. Sídì tó ti là, bó bá dúró, ta ló ní yóò tún yí?"

Àbí ẹ rí nǹkan? Mo ṣe bí ìbẹ̀rù lásán ni, àṣé ọ̀rọ̀ gidi wà níbẹ̀. Mo fi ọwọ́ lẹ́rán. Mo ní ká jẹ́ kó sinmi, àgbàlagbà ni, bóyá ó ń ronú. Màmá mi dúró títí, wọ́n pòṣé, wọ́n ní ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àwọn á jóná, wọ́n sì lọ sí ilé ìdáná.

Mo gbé orí lé tábìlì. Omi ń kán láti etí òrùlé, sídì ń kùn jẹ́jẹ́ nínú àpótí rẹ̀, òórùn ẹ̀gúsí ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Oorun ń gbé mi lọ, mo ń rò pé bàbá mi ń tún fèrèsé pálọ̀ ṣe, pé wọ́n máa tó ní kí n gbé òòlù wá. Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn wọn. Mo ṣe bí àlá ni.

"Ọghọ́ tó ń bu oúnjẹ fún yín lẹ́yìnkùlé yẹn, òun ló gbé mi dé ibí. Ẹ bá mi pè é wá, kó wá jókòó tì mí."

Mo gbé orí sókè. Àwòrán ti tú. Àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, kò sẹ́ni níbẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ wọn lé orí àga náà, wọ́n ń wo ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Ẹnì kankan ò dìde. Háà! Inú bí mi sí àwọn èèyàn náà débi pé omi bọ́ lójú mi. Wọ́n ní kí ẹ lọ pè é, ẹ jókòó ẹ ń pàtẹ́wọ́!

Ibi tí sídì ti là ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí, ó sì ń padà sẹ́yìn: "Ẹ bá mi pè é wá. Ẹ bá mi pè é wá."

Mo sáré wọ ilé ìdáná. "Màámi, bàbá ń pè yín!"

Ìgbà tó ti jáde lẹ́nu mi ni mo tó gbọ́ ohun tí mo sọ. Ọmọ tí kò tíì hu eyín pàápàá mọ̀ pé bí òkú bá peni, a kì í jẹ́ ẹ.

Màmá mi yíjú sí mi, ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́. "Olúwa má jẹ̀ẹ́! Orí ẹ pé ṣá?" Wọ́n fẹ́ máa bá èébú lọ, ni ohùn náà bá wọlé láti pálọ̀: "Ẹ bá mi pè é wá."

Wọ́n rìn lọ síbẹ̀ bí ẹni tó ń rìn nínú omi. Mo sọ apá ìbẹ̀rẹ̀ tí wọn ò gbọ́ fún wọn, mo fi ọ̀fun sọ ọ́ bí bàbá mi ti sọ ọ́. Wọ́n wo ọwọ́ wọn tí epo ti yí. Wọ́n wo àga òfìfo náà pẹ́. Omijé ń dà, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu wọn.

"Àṣé ọghọ́ ni," ni wọ́n wí, àwọn tí kò fọ èdè ọkọ wọn rí àfi ní yẹ̀yẹ́. Wọ́n tẹ̀ sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. "Mo gbọ́ o, ọkọ mi. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ mi ṣì wà lórí iná."

"Ẹ bá mi pè é wá," ni bàbá mi wí.

"Pa á," ni màmá mi sọ fún mi.

Ọwọ́ mi ò gbé e. Wọ́n dúró dè mí díẹ̀, wọ́n sì na ọwọ́ tí wọ́n fi ń bu ọbẹ̀, wọ́n pa á fúnra wọn. Epo ṣì wà lára bọ́tìnì náà. A ò nù ún.