Ilé Méje, Lẹ́tà Mẹ́jọ

Kékeré ni mo wà, mi ò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí bá bàbá àgbà kan kàwé ní Bẹyẹrúnkà. Aládùúgbò wa ni. Télọ̀ ni bàbá tó bí mi, Mùsùlùmí sì ni wá. Bàbá yìí ní tirẹ̀ ti ṣe tíṣà ìjọ kó tó fẹ̀yìn tì, Bàbá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ojú rẹ̀ ti ṣú, kò lè ka ìwé mọ́, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò gbà láti fi sílẹ̀: àlọ́ Òyìnbó tó máa ń wà nínú ìwé ìròyìn ọjọ́ Sátidé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ kò rí i rí. Wọ́n á ya àwọn ilé kéékèèké onígun mẹ́rin, òmíràn funfun, òmíràn dúdú. Ilé funfun kan, lẹ́tà kan. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n á to àwọn àlọ́ sí, àwọn tí ìdáhùn wọn lọ ní ìbú àti àwọn tó lọ ní òòró. Àlọ́ náà kì í sọ ojú abẹ níkòó. Á ṣe bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹran, kó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ènìyàn ló ń sọ.

Tí mo bá ti ilé kéú dé láàárọ̀ Sátidé, mo á fọ ẹsẹ̀, mo á jókòó nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Tíṣà. Èmi á kà á, òun á di ojú, á ronú, á pe lẹ́tà, èmi á kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni a óò máàkì àlọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé kékeré kan, bí ìgbà tí a ń máàkì iṣẹ́ ọmọ ilé ìwé. Èyí tó dára gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Èyí tó ní ìrẹ́jẹ nínú, Bàbá á ní, "Kọ òdo sí i. Ọ̀lẹ ló ṣe é."

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, akọ̀wé ìjọba tó ń gbé ní Òkè Àdó, kò fẹ́ kí ó máa dá gbé. Lọ́jọ́ kan, ó sọ ọ́ lójú mi.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Ojú yín ti lọ, ọpọlọ yín náà ti ń rẹ̀. Ẹ kó bọ̀ sọ́dọ̀ mi."

"Ọpọlọ ta ni? Ìwé ìròyìn a máa tẹ orúkọ àwọn tó bá gba àlọ́ náà láìṣi ẹyọ kan. Ti Sátidé tó ń bọ̀ yìí, bí o kò bá rí orúkọ mi níbẹ̀, wá kó ẹrù mi."

"Mo á mú ọkọ̀ wá o."

"Mú méjì wá. Ìwé mi pọ̀."

Nígbà tí Sátidé náà pé, kó tó di ìrun Àìlà lọ́sàn-án, ó ku ẹyọ kan. Àlọ́ ọ̀hún ń sọ̀rọ̀ olórí agbo kan tó dé ṣáájú, tó sì tún pẹ́. Bàbá ní kí n pe lẹ́tà tó wà nínú ilé kẹta. Mo pè é. Ó pàtẹ́wọ́.

"Olùṣọ́-àgùntàn ni! Kọ ọ́."

Ó pe lẹ́tà rẹ̀ lédè Òyìnbó, ẹyọ mẹ́jọ. Mo ka ilé tó wà níbẹ̀, méje. Mo tún un kà. Méje.

Nílé wa, ọmọdé kì í sọ fún àgbà pé ó ṣì í. Ìyá mi a máa ní ẹni tó bá já àgbà nírọ́ ti bú u. Nítorí náà, mo fún lẹ́tà méjì mọ́ inú ilé ìkẹyìn. Lẹ́tà tó ti wà nínú ilé karùn-ún kò bá tirẹ̀ mu. Mo fi rọ́bà pa á rẹ́.

Bàbá ní kí n lọ fi í sínú àpótí lẹ́tà ní Ọjà'ba, kó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn oníwèé ìròyìn. Mo débẹ̀, mo na ọwọ́ sí ẹnu àpótí, ọwọ́ mi kò lọ. Ọkọ̀ méjì tí yóò kó ìwé Bàbá lọ ni mo ń rí. Mo sọ fún ara mi pé bí yóò bá lù mí, kó lù mí. Mo sáré padà.

"O ti fi í síbẹ̀?"

"Rárá, sà. Lẹ́tà mẹ́jọ ni ẹ pè. Ilé méje ló wà níbẹ̀."

"Ibo lo wá fi ẹ̀kẹjọ sí?"

"Mo fún un mọ́ ìkeje, sà."

"Ọmọ télọ̀! Bí aṣọ kò bá tó oníbàárà, ṣé oníbàárà ni bàbá rẹ máa ń gé?"

"Rárá, sà." Mo jẹ́wọ́ ti rọ́bà náà pẹ̀lú.

"Àlọ́ yẹn tàn mí jẹ," ó ní, "ṣùgbọ́n kò purọ́ fún mi. Ìwọ lo purọ́ fún mi. Jókòó. Kà á."

A kò jẹun. Ìyá mi ránṣẹ́ pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá ní kí wọ́n sọ fún un pé mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá pe ọ̀rọ̀ kan, mo á ka ilé, mo á ní, "Kò wọlé, sà." Ohùn mi gbọ̀n nígbà àkọ́kọ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, kò gbọ̀n mọ́. Nígbà tó yá, Bàbá mú ọ̀rọ̀ Òyìnbó tó túmọ̀ sí ṣáájú, lẹ́tà mẹ́ta, ó so èyí tó túmọ̀ sí pípẹ́ mọ́ ọn, lẹ́tà mẹ́rin. "Prelate", orúkọ tí wọ́n ń pe olórí ìjọ, irú bíṣọ́ọ̀bù, ló jáde. Ó wọlé géérégé.

"Èmi tí wọ́n bí sínú ṣọ́ọ̀ṣì!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Sáré!"

Ẹni tó ń kó lẹ́tà ti ṣí àpótí nígbà tí mo débẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo fi í lé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, orúkọ Bàbá wà nínú ìwé ìròyìn. Ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ kà á, ó tún un kà.

"Ọkọ̀ ńkọ́?" ni Bàbá bi í.

"Wọ́n ti padà, sà."

Bẹyẹrúnkà ni Bàbá Tíṣà wà títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ayé ti yí padà. Ọmọdé tó ń sọ fún àgbà pé kò wọlé pọ̀ lóde òní. Àwọn tó kọ́kọ́ ka ilé kí wọ́n tó sọ ọ́ ni kò pọ̀. Èmi náà ti ń lo awò ojú báyìí. Bí mo bá sọ̀rọ̀ nílé, àwọn ọmọ mi a kàn máa mi orí pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì." Kì í dùn mọ́ mi. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kúnlẹ̀ bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ fún mi.