Wẹ́dà àti Ìdákọ̀ró Tí Kì í Tẹ̀

Bí ènìyàn bá rí bí Wẹ́dà ṣe pa ẹja àkọ́kọ́ láàárọ̀ Sátidé náà, yóò rò pé ẹja ọ̀hún ti bú ìyá rẹ̀ rí ni. Ẹja pupa ńlá inú òkun ni, eléyín bí ajá, ó ń fi ìrù lu pákó ọkọ̀ gbàgà-gbàgà. Wẹ́dà fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó gbé kùmọ̀ sókè, ó là á mọ́ ọn lórí. Ẹja dákẹ́. Ó tún là á. Ẹ̀jẹ̀ ta sí i ní irùngbọ̀n.

"Bùrọ̀dá, ó ti kú o," àbúrò ìyàwó rẹ̀ ní láti ìdí ẹ́ńjìnnì. "Àbí ẹ fẹ́ kó kọ́kọ́ bẹ̀ yín ni?"

"Pa ẹnu ẹ mọ́, Agẹ́run."

Iṣẹ́ irun gígẹ́ ni àbúrò ìyàwó yìí ń ṣe, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ rẹ̀ lọ. Wẹ́dà tún la kùmọ̀ mọ́ ẹja náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kó lè dá a lójú.

Ká má purọ́, ẹja ló ń gba ìyà gbogbo àdúgbò jẹ. Irin ni Wẹ́dà ń jó, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ́ ni ẹ̀bùn rẹ̀. Ó ti yọ eyín oníbàárà kan nítorí pé ẹni yẹn ní géètì òun wọ́. Ó ti fi òòlù fọ́ gíláàsì mọ́tò tí ẹni tó ni ín ṣì jókòó sínú rẹ̀. Èyí tó wá bu iyọ̀ sí i ni ti ọjọ́ Ìsinmi kan, tó lu awakọ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà ta sára ògiri funfun, nígbà tí àwọn akọrin ń kọ orin àlàáfíà lọ́wọ́ nínú ilé. Ìyàwó Wẹ́dà ló bọ́ ìborùn ọrùn rẹ̀, tó fi nu ògiri.

Nígbà tí wọ́n délé, kò pariwo. Obìnrin tó bá ń pariwo ṣì ń retí nǹkan ni. Ó fa àga, ó jókòó.

"Bàbá wọn, àwọn ọmọ tí mo bí fún yín ti dàgbà, oníkálukú ti wà nílé ara rẹ̀. Mi ò ní sá kúrò nílé mi nítorí ẹ̀ṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí ẹ bá tún na ọmọ ènìyàn, ẹ̀yin lẹ máa jáde o, kì í ṣe èmi. Mo ti bá Ọlọ́run sọ ọ́."

Wẹ́dà mọ̀ pé ìyàwó òun kì í fi orúkọ Ọlọ́run ṣeré. Ọkùnrin tí kì í sá fún iná wá ń bẹ̀rù kí òun má di ẹni tí yóò máa dá jẹun. Agẹ́run ló mú ìmọ̀ràn wá.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ pẹja ní Sátidé-Sátidé. Ẹ lu ẹja bó ṣe wù yín. Ẹja ò ní ẹ̀gbọ́n tó máa wá bá wa fa wàhálà."

Bó ṣe di eré ìdárayá wọn nìyẹn. Ó sì ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà, ọwọ́ Wẹ́dà kò kan ènìyàn mọ́.

Àárín àpáta abẹ́ omi ni ẹja pupa ń gbé, orí àpáta náà gan-an ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró sí. Àwọn apẹja tó gbọ́n máa ń fi irin rírọ̀ ṣe ìka ìdákọ̀ró wọn. Bó bá há sábẹ́ òkúta, wọn á fà á gidi, ìka á nà, á sì jáde. Wọn á tún un tẹ̀ nígbà tí wọ́n bá délé. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún wẹ́dà pé kó ṣe ohun tó ń tẹ̀? Irin tó ki bí àtàǹpàkò ló fi ṣe tirẹ̀. Ó jó o, ó tún un jó, ó kùn ún lọ́dà, ó sì ń gbé e sí iwájú ṣọ́ọ̀bù láàárín ọ̀sẹ̀ kí oníbàárà lè máa rí i. "Iṣẹ́ tèmi kì í tẹ̀," ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán Sátidé tí à ń sọ yìí, ojú ọ̀run ṣú, atẹ́gùn yí padà, ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Wọ́n fa okùn ìdákọ̀ró, kò wá. Wọ́n fà á títí ọwọ́ wọn fi bó.

"Ẹ jẹ́ ká gé e ká máa lọ," ni Agẹ́run wí.

"Gé kí ni? O mọ̀ ọ́n ṣe?"

Wẹ́dà tú okùn kúrò níwájú ọkọ̀, ó gbé e lọ sẹ́yìn, ó so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ó ní ẹ́ńjìnnì ni yóò fà á.

"Bùrọ̀dá, ẹ̀yìn yẹn ló rẹlẹ̀ jù! Omi máa wọlé!"

Wẹ́dà tẹ iná sí ẹ́ńjìnnì. Okùn le tantan. Kàkà kí ìdákọ̀ró wá, ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń lọ sísàlẹ̀. Ìgbì kan gorí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó da omi bò wọ́n dé orúnkún, òkú ẹja ń léfòó láàárín ẹsẹ̀ wọn. Agẹ́run mú ọ̀bẹ.

"Fi ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀!"

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ fi irin yẹn sílẹ̀! Irin burúkú, olórí kunkun bí ẹni tó ṣe é!"

Ẹ̀ṣẹ́ ti dé kí Wẹ́dà tó mọ̀ pé òun gbé e. Ó gbọ́ bí egungun àgbọ̀n ṣe dún kán bí igi gbígbẹ. Agẹ́run ṣubú, ó dojú dé sínú omi àti ẹ̀jẹ̀ ẹja, ìwọ̀ ńlá kan sì gún un wọ èjìká. Kò mira. Ìgbì kejì ti ń bọ̀.

Wẹ́dà fi ọwọ́ tó fi lù ú wá ọ̀bẹ nínú omi. Ojú ọ̀bẹ ló kọ́kọ́ dì mú, ó ya á ní àtẹ́lẹwọ́. Ó gé okùn. Okùn ta padà, ó nà án lójú bí pàṣán, ọkọ̀ sì fò sókè bí ẹṣin tó já. Ó fa Agẹ́run sókè ní kọ́là, ó ń gbá a lẹ́yìn, ó ń pariwo orúkọ Ọlọ́run tí kò tíì rántí láti àárọ̀. Agẹ́run húkọ́, ó pọ omi, ó pọ ẹ̀jẹ̀, ó pọ eyín kan.

Wọ́n ti ń rí etí òkun lókèèrè kí Agẹ́run tó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu jáde.

"Ẹ́ńjìnnì."

"Kí ló ṣe ẹ́ńjìnnì?"

"Ẹ́ńjìnnì ni mo fi àgbọ̀n gbá. Ìgbì dé, mo ṣubú. Ẹ má sọ nǹkan mìíràn o. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá lé yín, ọ̀dọ̀ mi lẹ máa wá, yàrá kan ṣoṣo ni mo ní, ẹ sì ń hanrun."

Nígbà tí ìyàwó Wẹ́dà rí wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó ké. Ó fi aṣọ di àgbọ̀n àbúrò rẹ̀, ó ní kí aládùúgbò wá fi mọ́tò gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ó bi wọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀. Agẹ́run ní ẹ́ńjìnnì ni. Ó gbà á gbọ́, ìyẹn ló wá burú. Bí wọ́n ṣe ń dúró de mọ́tò, ó kúnlẹ̀ ní pálọ̀, ó pa ojú dé.

"Baba, a dúpẹ́ pé omi ò gbé wọn lọ. A dúpẹ́ nítorí bàbá àwọn ọmọ mi, ẹni tí o ti sọ ọwọ́ rẹ̀ di ọwọ́ àlàáfíà."

"Àmín," ni Agẹ́run kérora.

Wẹ́dà ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ya.

"Mi ò gbọ́ àmín yín, Bàbá wọn."

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni mo lù ú. Ó fẹ́ gé okùn ká má bàa kú, mo lù ú nítorí irin."

Agẹ́run gbé orí sókè pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi di àgbọ̀n rẹ̀. "Bùrọ̀dá! Gbogbo irọ́ tí mo fi ẹnu tó kán pa!"

Ìyàwó Wẹ́dà kò la ojú. "Baba, ìwọ náà gbọ́. Fún mi ní sùúrù kí n má bàa fọ́ orí ẹnìkan nínú ilé yìí. Lórúkọ Jésù."

"Àmín," ni Wẹ́dà wí.

Fèrè mọ́tò dún níta. Obìnrin náà dìde, ó di àbúrò rẹ̀ lápá mú. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ṣùgbọ́n kò wẹ̀yìn.

"Kẹ́ ẹ ti jáde kí n tó dé o. Ẹ mú aṣọ òtútù dání, atẹ́gùn pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn."

Wẹ́dà kó ẹ̀wù díẹ̀ sínú àpò. Ó kọjá sí kíṣìnnì, ó fi ọwọ́ tó ya yọ ìfun àwọn ẹja tí wọ́n kó bọ̀ láti òkun lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fọ̀ wọ́n, ó kó wọn sínú fíríìjì fún un, ó nu ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn níta, ó sì ti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.