Ojú Màmá Àṣàbí Nínú Abọ́

Tẹ́ ẹ bá gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin wọ ọjà Ọ̀yìngbò, ẹ máa rí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n so bọ́tìnnì oríṣiríṣi mọ́ iwájú ẹ̀. Tèmi nìyẹn. Ilẹ̀kùn onírin búlúù tó tẹ̀ lé e, ti Àǹtí Ummulkhair ni. Ẹrù ni wọ́n ń bá àwọn oníṣòwò tọ́jú. Ẹ lè gbé àlùbọ́sà wá, ẹ lè gbé bàtà òkìrìkà wá, wọ́n á kọ orúkọ yín sí i lára, ẹ̀yin náà á máa sanwó lóṣooṣù.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wọn, àmọ́ Mushin ni wọ́n bí Àǹtí sí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí, wọ́n ní ibẹ̀ dákẹ́ jù, àwọn ò rí oorun sùn. Kọ́kọ́rọ́ méje ló máa ń wà lọ́rùn wọn. Wọ́n sì ní òfin kan: wọn kì í tú ẹrù ẹlẹ́rù wò. Wọ́n ní, "Tí mo bá ti mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ojú mi á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gba àpò méjìlá lọ́wọ́ Abọ́dúndé láì bèèrè nǹkan kan. Abọ́dúndé yìí, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa rí i tẹ́ ò ní fẹ́ràn ẹ̀. Inú ẹrẹ̀ ló ti dọ̀bálẹ̀ kí Àǹtí. Ó san owó oṣù kan, ó tún dọ̀bálẹ̀, ó lọ. Oṣù mẹ́rìnlá lẹ́yìn èyí tó san yẹn, a ò fojú kàn án. Tí Àǹtí bá pè é, á ní òun wà ní Kùtọnu, bẹ́ẹ̀ la ń gbọ́ ẹni tó ń pe èrò Ojúẹlẹ́gba lẹ́yìn ẹ̀ ketekete.

Wàhálà dé nígbà tí láńlọ́ọ̀dù Àǹtí wá. Ó ní owó ilé ọdún náà gbọ́dọ̀ pé ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òun ti rí àwọn tó ń ta táìsì ilẹ̀ ilé tó fẹ́ gba sítọ́ọ̀ náà. Àǹtí gbọn gbogbo ibi tí wọ́n ń fowó sí, ó ku ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogóje. Ẹ wá gbọ́ o, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lóṣù ni ti Abọ́dúndé, lọ́nà mẹ́rìnlá. Iye yẹn gẹ́lẹ́.

Àǹtí ní, "Ọmọ yìí ló ti sítọ́ọ̀ mi bọ àpò lọ sí Kùtọnu."

Lọ́jà wa, èèyàn kì í kàn ṣàdédé ta ẹrù ẹlẹ́rù. Ẹ máa kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ máa kọ lẹ́tà, alága ọjà sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń tú u. Tí owó yín bá ti pé, èyí tó bá ṣẹ́ kù, ti ẹlẹ́rù ni. Àǹtí ṣe gbogbo ẹ̀. Èmi ni mo bá wọn kọ lẹ́tà, torí mo jáde ìwé mẹ́wàá, ọwọ́ ìkọ̀wé mi sì dáa. Abọ́dúndé fèsì lórí fóònù pé, "Àǹtí mi àtàtà, Ọlọ́run á dá yín lóhùn." Kò fi kọ́bọ̀ tì í.

Ni Bàbá Síkírù, alága wa, bá wá jókòó, wọ́n wọ dígí ojú wọn, wọ́n ní ká tú u. Abọ́ rọ́bà ni, tuntun, ó nípọn, àádọ́ta nínú àpò kọ̀ọ̀kan. Àǹtí ti ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá wo inú abọ́. Màmá kan ló ń wò wá látinú ẹ̀. Wọ́n wé gèlè, wọn ò rẹ́rìn-ín, àwòrán náà dúdú òun funfun, torí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ò fẹ́ náwó aláwọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: Màmá wa Àṣàbí, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ yẹ́ wa sí.

Bàbá Síkírù ṣí fìlà. "Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere."

Ibẹ̀ ni ọjà ti bàjẹ́. Mobọ́lájí tó ń ta ike lódìkejì ọ̀nà gbé abọ́ náà wò, ó gbé e kalẹ̀. "Àǹtí, abọ́ dáa. Àmọ́ kí ni mo fẹ́ sọ fún oníbàárà? Òkú ta ni?"

Obìnrin mìíràn ní, "Ọkọ mi á jẹ ẹ̀bà tán, á wá bá ìyá oníyá nísàlẹ̀. Ó máa rò pé ìyá òun ló wá ṣọ́ òun."

Bàbá Síkírù ní ká fi kànrìnkàn onírin họ ọ́. A họ ọ̀kan wò. Gèlè lọ, imú lọ, ẹnu lọ, ojú méjèèjì dúró. A ò họ ìkejì.

Àmínát nìkan ló rà, ọmọ tó ń ta ẹ̀wà fáwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Ìdí-Àràbà. Ogójì ló kó, igba ó lé àádọ́ta náírà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Àwọn ọmọ yẹn ń jí abọ́ mi gbé. Ẹ jẹ́ n rí ẹni tó máa jí eléyìí."

Ó wá di Ọjọ́bọ̀, láńlọ́ọ̀dù ń bọ̀ lọ́la, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá péré ló wà lọ́wọ́. Àǹtí ò jẹun láàárọ̀. Àfi bí kẹ̀kẹ́ Márúwá ṣe dúró, Àmínát sọ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fa màmá kan jáde. A ti mọ̀ wọ́n kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mobọ́lájí fi igbá ike sílẹ̀, ó sá wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù.

Màmá ní, "Èwo nínú yín ló ń tà mí?"

Àǹtí kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé... ṣé ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni. Ojú ló ń dùn mí, mo lọ sọ́sibítù. Dókítà kékeré kan dọ̀bálẹ̀, ó ní ẹ kú iṣẹ́ o Màmá, ojú yín ni mo fi jẹ ẹ̀wà láàárọ̀. Mo rò pé orí ẹ̀ ló dà rú. Ó wá mú mi lọ sọ́dọ̀ ọmọ yìí. Ìyẹn rí mi, ó ju ṣíbí nù."

Àmínát ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé mi ò ní jù ú?"

Ọ̀rọ̀ wá jáde. Abọ́dúndé ni àbíkẹ́yìn wọn. Lọ́dún méjì sẹ́yìn tí Màmá pé ọgọ́rin ọdún, àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ dá owó ọjọ́ ìbí jọ sí i lọ́wọ́. Ó ra abọ́, ó jẹ owó tó kù, ó wá sọ fún wọn pé ọkọ̀ ojú omi gbé gbogbo ẹrù rì. Wọn ò ṣe ọjọ́ ìbí náà mọ́.

Àǹtí ò dìde lórí ìkúnlẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Owó sítọ́ọ̀ ni mo fi ń tà á. Tí n ò bá rí i dọ̀la, wọ́n á lé mi."

Màmá gbé abọ́ kan, wọ́n wo inú ẹ̀. "Eélòó lẹ ń tà mí?"

"Igba ó lé àádọ́ta, Màmá."

"Èmi Àṣàbí?" Inú bí wọn ju ti ẹni tí wọ́n jà lólè lọ. "Ẹ gbé àga wá."

Wọ́n jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn búlúù yẹn, wọ́n tún gèlè wé kó lè bá ti inú abọ́ mu. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, eyín pé, ohùn dún. Kí la gbọ́, wọ́n ní kí Màmá fọwọ́ kan abọ́ fáwọn, kí irú ọjọ́ orí yẹn lè kàn wọ́n. Ẹgbẹ̀ta náírà ni Màmá dá lé e. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ yín ṣàdúrà, ẹgbẹ̀rin. Mobọ́lájí yọ jáde, ó ní òun fẹ́ dọ́sìnnì kan.

Màmá wò ó. "Ìwọ tó o sá fún mi. Tìẹ ti di ẹgbẹ̀rún."

Ó san án.

Kí wọ́n tó pe ìrun Jímọ̀, owó láńlọ́ọ̀dù ti pé, ó tún lé. Ọkùnrin yẹn kà á lẹ́ẹ̀mejì, inú ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dùn.

Lọ́jọ́ Sátidé ni Abọ́dúndé dé. Ó ti gbọ́ pé wọ́n ta ẹrù òun, ó wá gba èyí tó ṣẹ́ kù. Ìgbà tó rí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ni ẹsẹ̀ ẹ̀ dúró. Síbẹ̀ ó ní òfin ọjà ni òun tẹ̀ lé, òun lẹlẹ́rù.

Bàbá Síkírù mú abọ́ kan, wọ́n wo inú ẹ̀, wọ́n wo Abọ́dúndé, wọ́n tún wo inú abọ́. "Ọ̀gbẹ́ni, a ò rí ojú tìẹ níbí."

Màmá di owó tó lé náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìró. Àpò mẹ́fà ló kù. Wọ́n ní àwọn ò lè gbé e dé Sùúrùlérè, kó ṣì wà níbí, àwọn á máa wá tà á díẹ̀díẹ̀. Àǹtí Ummulkhair ní kò sí wàhálà, ilé ara yín ni. Wọ́n wá na ọwọ́, wọ́n gba owó oṣù mẹ́ta sílẹ̀ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn.