Mọ́tò Wo Ló Gbé E Wá?

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n bàbá ìyàwó mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kì í tọwọ́ bọ oúnjẹ láì bèèrè pé, "Mọ́tò wo ló gbé eléyìí wá?"

Bó bá jẹ́ tírélà, wọn á ti abọ́ sẹ́yìn: "Èéfín rẹ̀ ńkọ́? Àwọn ọmọ ọmọ mi ló máa fà á símú."

Láfún àti ìrẹsì Ọ̀fàdà kò ní wàhálà, ìtòsí wa níbí ni wọ́n ti ń wá. Tòmátì òkè Ọya ni ìyọnu, bẹ́ẹ̀ wọ́n fẹ́ràn ọbẹ̀ ata ju ìwàásù lọ. Wọ́n bá gbin tiwọn sẹ́yìnkùlé ní Adigbẹ, wọ́n ń fi ilá lásán jẹ láfún títí tòmátì fi pọ́n.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó pọ́n, ìyàwó mi gbé ìkòkò jáde. Ẹnu yún mi.

"Ẹ kú oríire, Bàbá. Gáàsì tá a máa fi sè é ńkọ́? Mọ́tò wo ló gbé e wá?"

Tírélà ló ń gbé gáàsì wá. Wọn kì í sì í jẹ́ ká gé igi dáná. Wọ́n ní kí ìyàwó mi dá ìkòkò padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá wọn láàárín ebè, wọ́n ń gé tòmátì jẹ ní tútù, omi rẹ̀ ń ṣàn sí irùngbọ̀n wọn.

"Bàbá, ṣé kí n mú iyọ̀ wá?"

"Ta ló ń ṣe iyọ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá?"

Wọ́n na ọ̀kan sí mi. Ó dùn gan-an.