Bí Mo Ṣe Lọ Ra Eriali Nítorí Láfún Ìyàwó Mi

Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ Ọjọ́rú ni mo gbéra ní Bódìjà, nínú ọkọ̀ mi tó ti dàgbà ju àbíkẹ́yìn mi lọ. Dùgbẹ̀ ni mò ń lọ ra eriali, irin gbọọrọ tí wọ́n ń fi sórí ọkọ̀ kí redio lè gbọ́ràn. Ìrìn náà kò tó wákàtí kan, ṣùgbọ́n bí mo ṣe kó omi, búrẹ́dì àti agboòrùn sínú ọkọ̀, ẹ ó rò pé aṣálẹ̀ ni mo fẹ́ là kọjá.

Ẹ̀yin ará ilé ní Èkìtì, lọ́dọ̀ yín, bí ìkùukùu bá ti bo orí òkè, kálukú á sáré kó ohun tó sá. Ní Bódìjà, òrùlé àwọn aládùúgbò nìkan ni mò ń rí. Ìyá Ṣadé, ìyàwó mi, ń ṣe láfún tà fún àwọn olóúnjẹ ní Àgbowó. Òjò ba ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá jẹ́, nítorí pé èmi, tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni ní jọ́gíráfì, ni mo ní òjò kò ní rọ̀. Bí ti ọ̀sẹ̀ yìí bá tún bàjẹ́, àwọn oníbàárà rẹ̀ á lọ bá ẹlòmíràn. Fóònù mi náà ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, ṣùgbọ́n n kì í gba ohun tí kò ní ohùn gbọ́. Redio ni mo fẹ́, èyí tó wà nínú ọkọ̀ mi kò sì sọ̀rọ̀ mọ́; mo ní eriali rẹ̀ ló ti gbó.

Kí Ìyá Ṣadé tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sá láfún sórí tapólì níwájú ilé.

"Bàbá Ṣadé, ẹ bá mi máa wò ó o."

Mo ní kò séwu. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, ni mo bá jáde.

Obìnrin tó ń ta eriali ní Dùgbẹ̀ mú kúkúrú kan wá, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà.

"Bàbá, èyí ti tó yín. Inú ìlú kan náà ni ẹ̀yin àtàwọn oníredio wà."

"Kò sí èyí tó gùn jù ú lọ?"

"Ó wà, àmọ́ tàwọn tó ń wọ inú igbó ni."

Kúkúrú náà jọ ìrù ewúrẹ́ lójú mi. Mo san ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá, mo ra èyí tó ga jù mí lọ. Bí wọ́n ṣe fi í sórí ọkọ̀ tán, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kan kí mi bí ẹni kí ọ̀gá. Mo na ọwọ́ sí i bí gómìnà. Redio ní tirẹ̀ ń ta ṣàà bí òróró àkàrà.

Wọ́n ní kí n lọ bá riwáyà ní Challenge. Riwáyà ni wọ́n ń pe ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe níbí. Ọkùnrin náà tẹ̀ wọ abẹ́ redio, ó fa wáyà kan jáde.

"Bàbá, eku ló jẹ wáyà yín. Kò sóhun tó ṣe eriali yín àtijọ́."

"Èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ńkọ́?"

"Òun náà dáa. Ẹ lè máa sá aṣọ sí i."

Ó so wáyà náà pọ̀. Ohùn redio jáde ketekete: òjò ńlá yóò rọ̀ ní Ìbàdàn kí ọ̀sán tó pọ́n. Inú mi dùn, mo pàtẹ́wọ́.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún!"

Riwáyà ń nu ọwọ́. "Ó ń dún lóòótọ́. Ṣé ẹ ò sá nǹkan síta ṣá?"

Ìgbà náà ni mo tó rántí. Mo fi láfún sílẹ̀ láìsí ẹnì kankan, mo lọ wá ẹni tí yóò sọ fún mi nígbà tí òjò bá ń bọ̀. Mo pe Ìyá Ṣadé, fóònù rẹ̀ kò lọ. Wọ́n máa ń pa á nínú ìsìn. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá mi dúró ní Òkè-Àdó. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán ní Dùgbẹ̀. Nígbà tí mo fi dé Mókọ́lá, n kò rí iwájú mọ́.

Mo bá Ìyá Ṣadé níwájú ilé nínú aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì, láìwọ bàtà, láfún dé ìgúnpá rẹ̀. Atẹ́gùn ló gbọ́ tó fi sáré jáde nínú ìsìn. Ó ti kó bí ìdajì wọlé. Ìyókù ń ṣàn lọ bí ògì. Ojú tì mí gan-an. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ní Dùgbẹ̀ àti Challenge kò ju èyí lọ: láfún ni wọ́n ní kí n máa wò.

Mo bọ́ sílẹ̀, n kò rántí ti ilẹ̀kùn.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ yín?"

"Redio ni. Wọ́n ní òjò yóò rọ̀ ní Ìbàdàn."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé a ti gbọ́."

Mo padà lọ pa redio, mo sì wá di etí kejì tapólì náà mú.