Àdúrà Tí Ìyá Mi Gbà Nítorí Afẹ́fẹ́ Òkun

Dókítà eyín ni mí, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ ó wá mọ bó ṣe dùn mí tó nígbà tí wọ́n ní kí n gé ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mi sí méjì kí n tó wọ ọkọ̀ ojú omi tí a fẹ́ fi díje. Ọ̀gá ọkọ̀ wa ní ọkọ̀ tó bá fúyẹ́ ló ń sáré. Mo gé e, mo ń kùn. Ṣùgbọ́n gààrí Ìjẹ̀bú tí ìyá mi dì fún mi, mo fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ òtútù mi, ẹnikẹ́ni ò sì gbé e lé ìwọ̀n.

Ọkọ̀ onígbòkun ni. Ìdíje ò fàyè gba ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sínú aṣọ ńláńlá tí a ta sókè ló ń gbé wa la Àtìláńtíìkì kọjá. Bí àwọn kan bá ń ṣọ́ ọkọ̀, àwọn yòókù á sùn. Èmi àti ará ọkọ̀ kan la jọ ń lo bẹ́ẹ̀dì kan, bó bá ti dìde lọ ṣọ́ ọkọ̀ ni mo ń wọlé síbi tó ṣì gbóná. Ọkọ̀ a máa fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣáá, èèyàn á fi ẹsẹ̀ kan ti ògiri kó tó lè po tíì. Mo ṣubú, mo dìde, mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Mi ò gbádùn ayé mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun kan ló ń bí mi nínú: àwa la máa ń kẹ́yìn. Láti èbúté kan sí òmíràn la ń sá eré náà. Nígbà tí a bá fi máa gúnlẹ̀, àwọn yòókù á ti wẹ̀, wọ́n á ti jẹun, wọ́n á wá máa juwọ́ sí wa bí ẹni tó ń kí àlejò. Nígbà tó wá ku èbúté ìkẹyìn, a pinnu pé a ò ní kẹ́yìn mọ́. Ó sì fẹ́ rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, nítorí ọkọ̀ kan wà lẹ́yìn wa! Ojoojúmọ́ la ń bojú wẹ̀yìn, tí inú wa ń dùn.

Ìyá mi náà ń wò wá láti ilé. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ẹ̀rọ kan wà lára ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń fi ibi tó wà hàn lórí fóònù. Àmì pupa kékeré ni tiwa. Ìyá mi yìí kì í wọ ọkọ̀ ojú omi. Bí a bá gba Ẹ̀pẹ́ kọjá, tó bá ti rí ọ̀sà, á yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Òun ló wá ń fi ojú wá àmì pupa láàárín agbami ní àràárọ̀, kó tó mu ẹ̀kọ.

Lọ́jọ́ kan, afẹ́fẹ́ dá. Ìgbòkun rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sẹ́yìnkùlé. Oòrùn ń pa wá. Mo yọ gààrí mi jáde, mo fi omi tútù rẹ ẹ́ fún gbogbo wa. Wọ́n ní ó kan, wọ́n sì tún bù sí i. Ọ̀gá ọkọ̀ ń súfèé, nítorí àwọn awakọ̀ òkun gbà pé súfèé máa ń pe afẹ́fẹ́. Kò pe nǹkan kan. Ọkọ̀ ẹ̀yìn ti rí afẹ́fẹ́ díẹ̀ níbòmíràn, ó sì ń bọ̀.

Ìgbà náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ ìyá mi wọlé sórí kọ̀ǹpútà ọkọ̀: “Ọmọ mi, èmi àti àwọn ìyá ìjọ ti ń gbààwẹ̀ pé kí Olúwa dá afẹ́fẹ́ òkun dúró nítorí rẹ. Mo rí i pé ọkọ̀ yín ti dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ọlọ́run mà gbọ́ o! Ṣé ara ti wá tù ọ́?”

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ará ọkọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹnì kan da gààrí sílẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọkọ̀ ẹ̀yìn, ó ní, “Bẹ màmá ẹ.”

Mo fèsì: “Mọ́mì, ẹ ṣé gan-an. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ yẹn lẹsẹ̀ ọkọ̀ wa. Láìsí i, àwa la tún máa kẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yí àdúrà yẹn padà.”

Mo mọ ìyá mi, mo mọ̀ pé ohun tí mo bẹ̀ ẹ́ yìí le. Lọ́jọ́ kejì, ó kọ ọ́ ṣókí: “A ti gbọ́.”

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tó fà á. Ọ̀gá ọkọ̀ ní òun ti mọ̀ pé afẹ́fẹ́ yóò fẹ́. Àmọ́ ó fẹ́! Ìgbòkun dún gbà, ọkọ̀ fì, ife tíì fò, gbogbo wa pariwo. Ọkọ̀ ẹ̀yìn ti sún mọ́ wa débi pé mo ń rí eyín wọn, wọn ò sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa. A fi wọ́n sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá mi tún kọ̀wé: “Ṣé ó ti tó? Ṣé kí a dá a dúró?”

“Ẹ má dá a dúró, Mọ́mì!”

A ṣáájú wọn gúnlẹ̀. Ẹni tó bá rí bí a ṣe ń jó yóò rò pé àwa la gba ipò kìíní.

Nígbà tí mo dé Ìjẹ̀bú-Òde, ìyá mi ti sọ ara rẹ̀ di ará ọkọ̀ wa. Ó ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé, “Nígbà tí a fẹ́ kẹ́yìn yẹn, èmi ni mo ní kí afẹ́fẹ́ dé.” Mo jẹ́ kó máa yangàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wá kí mi láti Odògbólú ló sọ ìyókù fún mi ní kíṣìnnì, níbi tí a ti ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́. Ó ní ìyá mi ló dìde fúnra rẹ̀ láàárín àwọn ìyá ìjọ, tó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ọmọ òun lórí òkun, kó sì fẹ́ ẹ dáadáa. Nígbà tí gbogbo wọn dáhùn àmín, ìyá mi nìkan ni kò lè ṣe àmín.