Ewúrẹ́ Tí Ìyá Àgbà Fún Opó Sìn

Mo lọ sí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ láti wo òwò tuntun tí èmi, obìnrin kan ṣoṣo nínú ìgbìmọ̀ olùdókòwò wa, fẹ́ kí a kówó sí. Òórùn èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ tí wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ ewúrẹ́ níbẹ̀ dá mi padà sí ọ̀sán kan ní Oǹdó, nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, fẹ́ fún opó kan ní ewúrẹ́ sìn, kí wọ́n jọ máa pín ọmọ tí ewúrẹ́ náà bá bí. Dúdú ni ewúrẹ́ náà àbí pupa? N kò lè búra.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi rẹ́rìn-ín. “Màmá, bó bá kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ńkọ́?”

“A jẹ́ pé ó kú fún àwa méjèèjì. Ìwọ ẹlẹ́rìn-ín, kí lo ti sìn rí?”

Èmi rò pé ẹran Ìyá àgbà pọ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọ̀kan ṣoṣo tó ní nìyẹn.

Ó fi okùn ewúrẹ́ náà lé opó lọ́wọ́. “Máa mú un lọ, má wẹ̀yìn.”